Ṣé iṣẹ́ ìwádìí ṣì kù lórí CCD? Ìdáhùn sí akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo wà ní ọdún àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì, mo sì fẹ́ kí próójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí CCD, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń ya àwòrán nínú àwọn kámẹ́rà àtijọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní òkú ni mo fẹ́ lọ wú, pé CMOS, irú sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú fóònù, ti gba ipò rẹ̀ pátá. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé nǹkan kan ṣì kù tí èèyàn lè ṣèwádìí lé lórí níbẹ̀? Bí ó bá kù, ṣé ẹni tí kò ní yàrá ìwádìí ńlá lè rí nǹkan ṣe nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú làákàyè. Iṣẹ́ ṣì kù lórí CCD, ó pọ̀ ju bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe rò lọ, apá kan sì wà nínú rẹ̀ tí o lè fi kámẹ́rà àlòkù àti láàpútọ́ọ̀pù ṣe. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú wọn níbi tí wọ́n ti sọ òótọ́. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lónìí kì í fi CCD ya fọ́tò. Iléeṣẹ́ Sony, tó wà lára àwọn tó ń ṣe é jù lọ lágbàáyé, kéde ní 2015 pé àwọn máa jáwọ́ nínú ṣíṣe rẹ̀. Ọjà ti kúrò níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Àmọ́ ibi tí ọjà wà yàtọ̀ sí ibi tí ìmọ̀ wà. Oṣù kẹfà 2025 ni ibùdó ìwoye ojú ọ̀run Vera C. Rubin, lórí òkè Cerro Pachón ní orílẹ̀-èdè Chile, gbé àwọn àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún aráyé. Kámẹ́rà tó wà níbẹ̀ ló tóbi jù nínú gbogbo kámẹ́rà dígítà tí wọ́n tíì kọ́: píksẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) bílíọ̀nù 3.2, tí wọ́n pín sórí CCD 189. Ilé ìwádìí SLAC ní California ni wọ́n ti parí rẹ̀ ní 2024. Àwọn tó kọ́ ọ kì í ṣe aláìmọ̀kan nípa CMOS. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi yan CCD, ìdí yẹn gan-an ló sì yẹ kó yé ọ kí o tó kọ ìlà kan ṣoṣo nínú próójẹ́ẹ̀tì rẹ.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí sílíkọ́ọ̀nù, fótọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, a máa tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, bí agbára fótọ́ọ̀nù náà bá ti tó nǹkan bí 1.1 eV (eV ni òṣùwọ̀n agbára àwọn ohun kíkéré báyìí). Ìyẹn ni CCD fi ń rí gbogbo àwọ̀ tí ojú èèyàn ń rí, tó tún ń rí kọjá pupa díẹ̀, títí dé nánómítà 1,100 tàbí níbi bẹ́ẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì fọ́ sí ohun tó bá kọjá ibẹ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí ń kó jọ sábẹ́ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní gate, tí a ń fún ní fóltéèjì. Bí a bá ń gbé fóltéèjì àwọn gate náà sókè sódò ní ìtòtẹ̀léra, ohun tó wà nínú píksẹ́ẹ̀lì kan á ṣí lọ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń ṣe dẹ́kìn ilé alájà mọ bó ṣe ń rí: àwọn lébìrà tò láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n ń na abọ́ kọnkéré láti ọwọ́ dé ọwọ́, gbogbo abọ́ pátá ló sì ń gba ọwọ́ ẹni ìkẹyìn kan ṣoṣo kọjá. Nínú CCD, ẹni ìkẹyìn yẹn ni amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ àmì kékeré di ńlá, tó wà ní igun sẹ́ńsọ̀. Òun ló ń ka iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó fi yàtọ̀ sí CMOS nìyẹn. Píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú CMOS ní amplifáyà tirẹ̀, nítorí náà ó yá, kì í jẹ bátìrì, wọ́n sì lè ṣe é ní iléeṣẹ́ kan náà tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n amplifáyà mílíọ̀nù mẹ́wàá kò lè bá ara wọn dọ́gba. CCD ní ẹyọ kan, tàbí díẹ̀. Tí òṣùwọ̀n bá jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo píksẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rù kì í ba èèyàn láti sọ pé ìràwọ̀ yìí mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Mo gbà pé CMOS tí wọ́n ń ṣe fún ìwádìí lónìí ti dára gan-an, awò awọ̀nàjíjìn tuntun tó ń lò ó sì ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, níbi tí a bá ti ń ka ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, CCD ṣì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí o fò. Willard Boyle àti George Smith ló gbé èrò CCD kalẹ̀ ní Bell Labs, ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey, ní oṣù kẹwàá 1969. Kì í ṣe kámẹ́rà ni wọ́n jókòó wá, ohun tí kọ̀ǹpútà á fi máa tọ́jú ìsọfúnni ni. Michael Tompsett, tí wọ́n jọ wà ní ilé ìwádìí kan náà, ló sọ ọ́ di ohun tó ń ya àwòrán, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà lórí pátẹ́ǹtì fún ìyàwòrán náà. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì dé ní 2009, Boyle àti Smith pín ìdajì, Charles Kao tó ṣiṣẹ́ lórí okùn gíláàsì tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ gba ìdajì kejì. Kò kan Tompsett. Ó ṣì ń dùn mí. Ní 2017, ẹ̀bùn Queen Elizabeth fún ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó Smith, Tompsett, Nobukazu Teranishi ọmọ Japan àti Eric Fossum pọ̀. Fossum ni bàbá CMOS tó wà nínú fóònù rẹ, Teranishi ló sì ṣe irú píksẹ́ẹ̀lì kan tí CCD àti CMOS jọ ń lò. Tí o bá ń kọ orí kejì próójẹ́ẹ̀tì rẹ, dárúkọ Tompsett.

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ fò mọ́ ọn. Ní 1976, James Janesick ti JPL, ilé ìwádìí NASA, wà lára àwọn tó gbé CCD lọ sí awò awọ̀nàjíjìn Yunifásítì Arizona lórí òkè Bigelow, wọ́n sì fi ya Uranus. Ṣáájú ìgbà yẹn, gíláàsì tí wọ́n fi oògùn fọ́tò pa ni wọ́n ń lò, nínú 100 fótọ́ọ̀nù tó bá bọ́ lù ú, bóyá ni ó ń mú ju 1 sí 2 lọ. CCD tí wọ́n fá ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀yìn wọlé, lè mú 90. Rò ó wò: láìfi nǹkan kan kún dígí awò awọ̀nàjíjìn náà, ó wá ń ríran bí ẹni pé wọ́n sọ ọ́ di ńlá.

Ní báyìí, ibi tí ìwádìí pọ̀ sí.

Padà sí bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń ti inú píksẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn. Ká ní sẹ́ńsọ̀ kan ní ìlà 4,000. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà ní ìlà tó jìnnà jù á ṣí ní ìgbà 4,000 kó tó dé amplifáyà. Tí ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún bá ń já sílẹ̀ ní ìṣíkúrò kọ̀ọ̀kan, tí o bá sì ṣe ìṣirò rẹ̀, nínú 100 tó gbéra, kò ní ku 2 tó máa délé. Tí ó bá jẹ́ ẹyọ kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, ni ó ń já sílẹ̀, 96 á délé. CCD tó dára máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo iṣẹ́ ọnà CCD dúró lé: kí sílíkọ́ọ̀nù mọ́, kí ó má ní àbùkù, kí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù má rí kòtò kankan kó sí lójú ọ̀nà.

Ojú òfuurufú ló ń gbẹ́ kòtò náà. Prótọ́ọ̀nù tó ń ti ara oòrùn wá, àti èyí tó há sínú àgbègbè ìtànṣán tó yí ayé ká, máa ń ta átọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù kúrò láyè rẹ̀. Àyè tó ṣófo yẹn á di pàkúté. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá kọjá á kó sí i, á wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, á sì jáde nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Nínú àwòrán, ìràwọ̀ á yọ ìrù.

Chandra ni àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Awò awọ̀nàjíjìn tó ń wo ìtànṣán X-ray ni, oṣù keje 1999 ni wọ́n gbé e lọ sókè. CCD 10 ló wà nínú kámẹ́rà rẹ̀, 8 nínú wọn ń gba ìmọ́lẹ̀ láti iwájú, níbi tí àwọn gate wà, 2 láti ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó dé ipò rẹ̀ tí wọ́n fi rí i pé àwọn 8 yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe àwọn 2 yòókù. Kí ló fà á? Prótọ́ọ̀nù tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí 100 keV (keV kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún eV), ń ta lára dígí awò náà bí ìtànṣán X-ray ṣe ń ta, ó sì ń bọ́ sórí CCD tààrà nígbà tí sátẹ́láìtì bá ń gba àgbègbè ìtànṣán kọjá. Irú prótọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ kì í lè wọlé jìn. Nínú CCD tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti iwájú, ibi tó dúró sí gan-an ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbà kọjá. Nínú èyí tó ń gba ẹ̀yìn, kò dé ibẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wọn rọrùn: ṣáájú kí sátẹ́láìtì tó wọ àgbègbè náà, wọ́n á ti kámẹ́rà kúrò níwájú dígí. Chandra ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Èyí tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé àìdọ́gba àwọn CCD mẹ́wàá yẹn ló fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn. Ká ní oríṣi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, ì bá pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìdí.

Gaia kọ́ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kó tó gbéra. Sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù yìí lọ sókè ní oṣù Kejìlá 2013, ó sì ya ojú ọ̀run títí di oṣù kìn-ín-ní 2025, ó ń wọn ipò ìràwọ̀ tó ju bílíọ̀nù kan lọ. CCD 106 ló gbé, iléeṣẹ́ e2v ní Chelmsford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe wọ́n. Gaia kì í dúró ya fọ́tò, ńṣe ló ń yí. Bí ìràwọ̀ bá ti ń kọjá lórí sẹ́ńsọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ á máa ṣí tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ kan náà, ìlà 4,500 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4.4. Bí pàkúté bá dá díẹ̀ nínú wọn dúró, ìràwọ̀ á dà bíi pé ó ti sún kúrò níbi tó wà. Fún ẹni tó ń wọn igun tó kéré ju irun orí tí a ń wò láti ẹgbẹ̀rún kìlómítà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùwádìí fi ń da prótọ́ọ̀nù lu CCD nínú yàrá ìwádìí, tí wọ́n ń wo bó ṣe ń bàjẹ́. Open University ní Milton Keynes wà lára àwọn tó fi irú iṣẹ́ yìí lórúkọ. Wọ́n tún ṣètò pé kí sẹ́ńsọ̀ máa bu ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú ara rẹ̀ látìgbàdégbà, kí pàkúté ti kún kí ti ìràwọ̀ tó dé. Nígbà tó wá dé òkè, oòrùn dákẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ìbàjẹ́ náà kò sì tó èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Láti inú iṣẹ́ báyìí ni ọgbọ́n kan ti jáde tí mo fẹ́ràn púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní trap pumping. Dípò kí o ka àwòrán jáde, ìwọ á máa ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù síwá sẹ́yìn lójú kan ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Níbi tí pàkúté bá wà, píksẹ́ẹ̀lì kan á dúdú, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á mọ́lẹ̀. O ti mọ ibi tó wà nìyẹn. Bí o bá yí ìyára rẹ̀ padà, wàá mọ bí ó ṣe ń pẹ́ tó kó tó tú ohun tó mú sílẹ̀. Bí o bá yí ìwọ̀n otútù padà, wàá mọ irú àbùkù tó jẹ́.

Ní ti Rubin, ìṣòro míì ni. CCD rẹ̀ nípọn tó máíkírómítà 100, kí ó lè mú ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń wọlé jìn. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti pọ̀ nínú píksẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n á máa ti àwọn tó ń bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, torí pé cháàjì kan náà máa ń lé ara wọn. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an á fẹ̀ ju èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run kan náà ni ìmọ́lẹ̀ wọn gbà wá. Brighter-fatter ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn èyí tó mọ́lẹ̀ jù ló sanra jù. Àwọn tó ń fi ìrísí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wá ibi tí ohun àìrí, ìyẹn dark matter, kó jọ sí láàárín àgbáyé kò lè fojú fo ó, nítorí àyípadà ìrísí tí wọ́n ń wá kéré púpọ̀. Nínú irú sẹ́ńsọ̀ tó nípọn báyìí, wọ́n tún rí òrùka lórí òrùka, bí èyí tó wà nínú ìtì igi tí wọ́n gé. Ibi tí ìwọ̀n èròjà inú sílíkọ́ọ̀nù ti yàtọ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fà á jáde nínú ìkòkò ló kọ àmì yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò tíì parí. Àwọn tó ń gboyè ọ̀mọ̀wé lórí wọn wà lónìí.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni irú CCD kan tó ń jẹ́ Skipper. Ariwo wà nínú amplifáyà: bí o bá ka píksẹ́ẹ̀lì kan, wàá ṣì í ka ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 2 tàbí 3 síwá tàbí sẹ́yìn. Skipper máa ń ka ìdìpọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan náà léraléra láìdà á nù, á sì wá ìpíndọ́gba. Janesick àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé èrò yìí jáde láti nǹkan bí 1990, ṣùgbọ́n 2017 ni àwọn tó wà ní ilé ìwádìí Fermilab ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n yà ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley, fi hàn pé tí a bá kà á ní ìgbà 4,000, ariwo á bọ́ sí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 0.068. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o lè sọ láìṣiyèméjì pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 7 ló wà níbẹ̀, kì í ṣe 6, kì í ṣe 8. Wọ́n ń fi í wá dark matter nísàlẹ̀ ilẹ̀ báyìí, níbi tí ìtànṣán ojú ọ̀run kò ti lè pariwo dí wọn lọ́wọ́. Ní Angra dos Reis, ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, àwọn onímọ̀ Brazil, Argentina, Mexico àti àwọn mìíràn gbé CCD sí nǹkan bí mítà 30 sí ilé iná átọ́míìkì, láti wá neutrino, ẹyọ kékeré tó ń la ohun gbogbo kọjá láìfẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan nǹkan kan. CONNIE ni orúkọ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kí o fọkàn sí ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe California nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí CCD.

Àwọn ìlò yòókù, màá kàn mẹ́nu bà wọ́n: eyín tí dókítà ń yà ní X-ray, ẹ̀rọ tó ń ka DNA, kámẹ́rà tó ń wo ẹyọ ohun alààyè kan ṣoṣo nínú sẹ́ẹ̀lì. Má ṣe sọ próójẹ́ẹ̀tì rẹ di àtòjọ wọn. Mo ti ka iṣẹ́ tó ní àkòrí bíi "CCD àti àwọn ìlò rẹ̀" tó bẹ̀rẹ̀ láti 1969 tó sì parí sí kámẹ́rà fóònù, láìsí nọ́ńbà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ wọ̀n. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí.

Ṣùgbọ́n ìlò kan kàn wá tààrà. NigeriaSat-1, tí wọ́n kọ́ ní Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì gbéra ní oṣù kẹsàn-án 2003, fi CCD onílà gbọọrọ ya ilẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn bí sátẹ́láìtì ti ń lọ, ní àwọ̀ mẹ́ta, tí píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dúró fún mítà 32 nílẹ̀. NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ 2011. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa fúnra wọn ló kọ́ NigeriaSat-X ní Surrey. Nínú irú àwòrán báyìí, tí píksẹ́ẹ̀lì kan kò bá dọ́gba pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, àléébù rẹ̀ á fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀ àwòrán. Bí a ṣe ń wọn àìdọ́gba yẹn, tí a sì ń tún un ṣe, tó próójẹ́ẹ̀tì gidi; ọ̀nà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilé-Ifẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ béèrè ìrànlọ́wọ́: ARCSSTE-E àti AFRIGIST wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀kọ́ nípa òfuurufú àti àwòrán ilẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn.

Ọ̀nà kejì kò ná ọ ju dátà lọ. Wọ́n gbé kámẹ́rà ACS sórí Hubble, awò awọ̀nàjíjìn tó wà ní òfuurufú, ní oṣù kẹta 2002, àwọn àwòrán rẹ̀ látìgbà náà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní MAST, ibi tí wọ́n ń kó dátà rẹ̀ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí kan èyí tí wọ́n yà nínú òkùnkùn biribiri. Nínú àwòrán òkùnkùn yẹn, píksẹ́ẹ̀lì tí ìtànṣán ti bà jẹ́ máa ń tàn fúnra rẹ̀, ó sì ń yọ ìrù nítorí àwọn pàkúté tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Mú àwòrán ọdún 2003, 2010, 2017 àti èyí tó tẹ̀ lé wọn. Wọn gígùn ìrù náà, wọn bó ṣe ń pọ̀ sí i bí píksẹ́ẹ̀lì ti ń jìnnà sí amplifáyà. Àwọn olùwádìí ti fi ọ̀nà yìí tún àwòrán Hubble ṣe, nítorí náà wàá rí ohun tí o lè fi èsì rẹ wé.

Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ kí o fi bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí nínú méjì yòókù tí ì báà wù ọ́. Wá kámẹ́rà àlòkù tó ń lo CCD. Nikon D70 àti D40 wà lára wọn, o sì lè rí irú wọn ní Computer Village ní Ìkẹjà. Skánà pẹlẹbẹ náà ṣeé lò, bí ó bá jẹ́ èyí tó nípọn. Láti mọ̀ ọ́n, gbé nǹkan sókè díẹ̀ kúrò lára gíláàsì rẹ̀, kí o skáànù rẹ̀: tó bá ṣì hàn ketekete, CCD ni, tó bá rí bàìbàì, oríṣi kejì tó ń jẹ́ CIS ni.

Yọ lẹ́ńsì kámẹ́rà náà. Fi bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín rẹ̀ àti gílóòbù LED tó ń lo bátìrì. Má lo iná mànàmáná. Gílóòbù tó ń lò ó a máa ṣẹ́jú láìjẹ́ pé ojú rẹ mọ̀, fóltéèjì tiwa náà kì í sì í dúró lójú kan. Fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kì í ṣe JPEG. Ya méjì méjì ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti èyí tó ṣókùnkùn dé èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Nínú Python, èdè ìkọ̀wé fún kọ̀ǹpútà, yan píksẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé nìkan, gé àárín àwòrán, yọ àwòrán kan kúrò nínú èkejì rẹ̀, kí eruku àti àìdọ́gba píksẹ́ẹ̀lì lè bá a lọ. Wọn variance ohun tó kù, ìyẹn òṣùwọ̀n bí àwọn nọ́ńbà ṣe yà síra, pín in sí méjì. Fi ya gíráàfù lòdì sí ìpíndọ́gba ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn tí o bá ti yọ iye òkùnkùn kúrò.

Wo ohun tí gíráàfù yẹn ń sọ. Ká ní ìpíndọ́gba rẹ jẹ́ 2,000, variance jẹ́ 500. Pín 2,000 sí ọ̀nà 500, ó di 4: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 4 ló wà nínú nọ́ńbà 1 tí kámẹ́rà ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 8,000 lo mú nìyẹn. O kò tú kámẹ́rà, o kò ra irinṣẹ́ yàrá ìwádìí kankan, o sì ti ka ohun tí ojú kò lè rí láéláé, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í wọlé ní dọ́gbadọ́gba: bí 8,000 bá ń wọlé, ó máa ń yàtọ̀ ní nǹkan bí 89 síwá sẹ́yìn. Photon transfer ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, iṣẹ́ Janesick ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo yàrá ìwádìí ń lò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi yẹ CCD 189 ti Rubin wò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń fi yẹ CMOS wò, nítorí náà bí wọ́n bá gbà ọ́ sí iṣẹ́ CMOS lọ́la, ìmọ̀ náà á bá ọ lọ.

Bí o bá fẹ́ fi orí kan kún un, ya àwòrán nínú òkùnkùn ní ìwọ̀n ooru ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ooru ń tú sílẹ̀ máa ń di ìlọ́po méjì bí ooru bá fi nǹkan bí 6 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i. Fi kámẹ́rà sínú kúlà oní-yìnyín, kí o fi ọ̀rá dì í pa pẹ̀lú àpò kéékèèké tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, kí ìrì má bàa sẹ̀ sórí sẹ́ńsọ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o ṣọ́ nínú gíráàfù náà. Ó yẹ kó lọ tààrà, kó sì já wálẹ̀ lójijì níbi tí píksẹ́ẹ̀lì ti kún. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, má rò pé o ti ṣe é bàjẹ́. Kọ́kọ́ wádìí bóyá kámẹ́rà náà ń fún RAW rẹ̀ pọ̀, torí àwọn kan ń sọ nọ́ńbà nù níbẹ̀. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, padà sí ìyàtọ̀ àwòrán méjì yẹn, kí o wọn bí píksẹ́ẹ̀lì kan àti aládùúgbò rẹ̀ ṣe jọ ń lọ sókè sódò. Bí ìbáṣepọ̀ wọn bá ń lágbára sí i bí ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ brighter-fatter lo rí yẹn. Kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀, kí o sì mú un lọ bá olùdarí iṣẹ́ rẹ kí ẹ tó fẹnu kò lórí àkòrí.